Ọ̀sẹ̀ àgbàdo ní kíláàsì àwọn ọmọdé: ẹ̀kọ́ ni àbí eré?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà, ẹ gbà mí o. Pámárì Kìíní ni mo ń kọ́, ọmọ 38. Ọ̀gá wa lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan, ó dé, ó ní fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àgbàdo ni a ó fi kọ́ gbogbo iṣẹ́: ìṣirò, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, àwòrán, orin, títí dórí ìmọ́tótó. Àwọn òbí ti gbọ́, wọ́n ti ń kùn. Bàbá kan dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ní ṣé owó ilé-ìwé lòun ń san ni, àbí owó oko. Èmi gan-an ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí àṣà tuntun tó máa kọjá lọ ni?

* * *

Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí ọ̀gá yín ṣe là á sílẹ̀ yẹn. Mo ti já sí kòtò yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ọ̀sẹ̀ àgbàdo ní Ìbàdàn níbí, mo ya àgbàdo sórí bébà, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, wọ́n kùn ún. Mo ya àgbàdo márùn-ún, mo ya mẹ́ta sí i, mo ní kí wọ́n rò ó pọ̀. A kọrin àgbàdo. Gbogbo ògiri kíláàsì di yẹ́lò. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo bi ọmọ kan pé báwo ni ewé àgbàdo ṣe rí. Ó ní yẹ́lò ni, ó ní ó rí roboto. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ! Mi ò bá a wí, torí àwòrán ni mo fi kọ́ ọ, àwòrán náà ló sì mọ̀. Nínú ọjọ́ márààrún, àgbàdo gidi kan ò wọ kíláàsì wa.

Láti ìgbà náà, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: àgbàdo gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ kí n tó lanu. Iṣẹ́ tí àgbàdo ọwọ́ wọn bá mú wá, a ó ṣe é. Èyí tí kò bá mú wá, a ó kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ìmọ́tótó kan àgbàdo níbi kí a fọwọ́ ká tó jẹ ẹ́. Ìṣẹ́jú méjì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ ìṣirò tó wà níbẹ̀ gan-an, ó dáa.

Ẹ ra àgbàdo tútù, ẹ bó o, ẹ dì í mú láàárín, ẹ wá ka ìlà wóró tó yí i ká. Ẹ ó bá méjìlá, tàbí mẹ́rìnlá, tàbí mẹ́rìndínlógún. Ẹ ò ní bá mẹ́tàlá. Méjì-méjì ni wóró àgbàdo ń yọ, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi máa ń ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù. Ẹ má sọ èyí fún àwọn ọmọ o. Ẹ pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka tirẹ̀, kí ẹ máa kọ iye tí wọ́n bá pè sójú pátákó, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹnìkan á rí i. Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọbìnrin kan tí kì í dáhùn ìbéèrè ló dìde pé, "Àǹtí, gbogbo wọn ló ní ìkejì." Mo ti ń kọ́ ọmọ fún ọdún 19, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹ́rìndínlógún yẹn náà tún kún fún ẹ̀kọ́. Ẹ yín àgbàdo gbígbẹ, kí ọmọ ka ogún wóró sílẹ̀, kó mú mẹ́rin kúrò. Ohun tó kù níwájú rẹ̀ ni orúkọ nọ́ńbà yẹn: mẹ́rin dín nínú ogún. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń fi lé mẹ́wàá lórí ni. Tó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a yí ọwọ́ padà, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò lára ogún. Ọmọ tó fi ẹnu lásán há a sórí máa ń kọsẹ̀ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gan-an. Èyí tó fi wóró kà á kì í kọsẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yí padà kí ẹnu tó sọ ọ́.

Tí ẹ bá ní ọpọ́n ayò, wóró àgbàdo rọ́pò ọmọ ayò dáadáa. Ihò méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin, 48. Ìlọ́po nìyẹn, kò sì sí ọmọ tó máa bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kóun lọ tọ̀ láàárín rẹ̀.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ka ti òun, mẹ́tàlá ló jẹ́, pé irọ́ ni mo ń pa fún àwọn ọmọlọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kà á? Tó bá jẹ́ ní ṣóńṣó orí ni, àwọn wóró ibẹ̀ máa ń dàrú, òmíràn á ti kú, òmíràn á ti fún ara wọn pọ̀. Ẹ bọ́ sí àárín, ẹ fi báírò sàmì sí ìlà tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà.

Olùkọ́ mìíràn ní kíkà ní Yorùbá máa da ọmọ rú, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ẹjọ́ yìí ti dàgbà jù wá lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, ẹ kà á ní Yorùbá lórí tábìlì, kí ẹ wá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó. Àgbàdo kan náà ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù níbí báyìí ni ti oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ òbí ló ní àwọn ò lè máa wo ọmọ kó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ àgbàdo mọ́ káàdì nígbà tí kóńgò kan ti wọ́n báyìí. Ìyá kan ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wóró kan tó bọ́ sílẹ̀, bàbá òun á ní kí òun wá a títí òun á fi rí i. Àwọn olùkọ́ kan fèsì pé wóró mélòó ló wà níbẹ̀ tí a ń sọ di ogun.

Èmi wà lẹ́yìn àwọn òbí. Kì í ṣe nítorí owó nìkan o. Ọmọ tó rí i tí olùkọ́ fi gọ́ọ̀mù ba oúnjẹ jẹ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹ ò kọ sínú ètò ẹ̀kọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń jù nù lára àgbàdo pọ̀ ju ohun tí à ń jẹ lọ. Háhá rẹ̀ ṣeé hun, ó ṣeé fi ṣe bèbí. Irun rẹ̀ á di irun bèbí náà. Kùùkù (àwọn ará ibòmíràn ń pè é ní ṣùkù, ẹ má bá mi jà), ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọ̀dà, ẹ yí i lórí bébà, ẹ ó rí iṣẹ́ ọnà tí yóò jáde. Pòpórò ńkọ́? Àwa tí a dàgbà lábúlé, kí ni a ò fi pòpórò ṣe? Mọ́tò, awò ojú, ìbọn. Ẹ bẹ bàbá àgbà ọmọ kan kó wá sí kíláàsì fún wákàtí kan, ẹ ó rí olùkọ́ tó jù yín lọ.

Ní ti wóró tí a kà, inú ike kan ló ń padà sí. Lópin ọ̀sẹ̀ a fi fún adìẹ ẹ̀yìn ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ló ń fọ́n ọn, wọ́n tún ń jiyàn lórí iye tí àkùkọ jẹ.

* * *

Mo fẹ́ sọ ti ewu, mi ò ní fi ṣeré.

Ẹ má ra àgbàdo tí wọ́n ń tà fún gbígbìn wọ kíláàsì. Òògùn ni wọ́n fi yí i, ìdí nìyẹn tó fi pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ mìíràn tí Ọlọ́run ò dá mọ́ ọn. Májèlé ni. Ẹ ra ti jíjẹ. Èyí tó bá ti bu, tí nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewéko ti hù lára rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìẹ pàápàá. Májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á.

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ní nọ́sìrì, odindi àgbàdo ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe wóró. Lọ́dún kan, ọmọ kan ní kíláàsì mi ti wóró bọ imú. Wọ́n pè mí, mo bá àǹtí kan tó ti ń wá pínnì irun kiri láti fi wá a jáde. Ẹ má dán an wò. Ẹ má sì bu omi sí i, ní imú tàbí ní etí, torí àgbàdo máa ń wú tó bá rí omi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, èmi ni mo ń gbọ̀n. Gúgúrú náà, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ó ń há wọn lọ́fun.

* * *

Òbí kan bínú pé ilé-ìwé ọmọ òun ní kí kálukú mú àgbàdo tútù méjì wá ní oṣù kejì. Oṣù kejì! Ibo ni wọ́n fẹ́ kí ó ti rí i? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò wo ojú ọjọ́ nìyẹn. Ní agbègbè wa, oṣù kẹfà sí ìkeje ni àgbàdo tútù ń ya bo ìgboro, tí gbogbo ìkòríta ń rùn fún èéfín àti àgbọn. Sáà kẹta gan-an nìyẹn. Ti àgbàdo ìkejì tún ń bọ́ sí sáà kìíní. Ní sáà kejì, gbígbẹ nìkan ló wà, ògì sì ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ògì yìí, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, òun ni n ó mú. Ọjọ́ Ajé a rẹ àgbàdo sínú abọ́ oníke méjì tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Omi abọ́ kan, à ń pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Èkejì, a fi í sílẹ̀. Tó bá di Ọjọ́rú, eléyìí tí a fi sílẹ̀ ti ń hó, ó ti ń rùn. Àwọn ọmọ á gbé imú sí i, wọ́n á sá, wọ́n á tún padà wá. "Ta ló mú un kan?" Ọmọ kan ní ọdún tó kọjá sọ pé ẹnìkan ló wá fún ọsàn sí i lóru. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ bi í bóyá ẹni náà ò rí abọ́ kejì ni. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tí ojú ò rí, tí wọ́n ń jẹ adùn àgbàdo tí wọ́n ń sọ omi rẹ̀ di kíkan, ẹ ò sì ní nílò àwòrán kankan. Olùkọ́ ni kó gbé e lọ lọ̀ o, ẹ má kó ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, asẹ́, eérí fún ewúrẹ́, omidùn lókè, ògì nísàlẹ̀. Tí ẹ bá rí ewé eéran, ẹ pọ́n ọn ní ẹ̀kọ.

* * *

Ìyá kan ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé inú agolo ni ọmọ òun rò pé àgbàdo ti ń hù, pé ní oṣù kọkànlá ilé-ìwé wọn máa ń ṣe àgbàdo nítorí ọdún Ìdúpẹ́ wọn, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa fi ti ilé kún un.

Àǹtí, apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni ilé àgbàdo. Àwa la gba á lálejò. Ní Mẹ́síkò ni àwọn ènìyàn ti fi ọwọ́ yan án láti ara koríko igbó kan tí wọ́n ń pè ní teosinte, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Láyé àwọn Potogí, ní nǹkan bí 1500 sókè, ló dé etíkun wa. Ọkà bàbà la ní tẹ́lẹ̀. (Ẹni tó ní irọ́ ni, pé Ifá dárúkọ àgbàdo: Ifá dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ Ifá ń gba àlejò bí ilé ṣe ń gbà á.) Àwọn Haudenosaunee ní àríwá Amẹ́ríkà ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀, wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní arábìnrin mẹ́ta: àgbàdo á dúró, ẹ̀wà á gùn ún, elégédé á fi ewé bo ilẹ̀ kí koríko má hù. Ẹ ní kí ọmọ bi bàbá àgbà rẹ̀ lórí fóònù pé kí ni wọ́n ń gbìn pọ̀ mọ́ àgbàdo ní oko wọn. Á ní ẹ̀gẹ́, á ní ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí ń fà nílẹ̀ bí elégédé gẹ́lẹ́.

Tí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa gbìn lójú fèrèsé, wóró gúgúrú tí kò tíì bẹ́, èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, sábà máa ń hù.

Fún olùkọ́ Yorùbá tó béèrè àlọ́, àlọ́ àpamọ̀ àgbàdo kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ó lọ sóko níhòòhò, ó fi igba aṣọ bọ̀, ó tún pọn ọmọ. Ẹ má sọ ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ pa á lọ́jọ́ tí ẹ gbin wóró, níhòòhò lóòótọ́, kí ẹ wá fa ìdáhùn yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bó háhá. Ìyàtọ̀ wà nínú kí ọmọ há àlọ́ sórí àti kí ó bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n onímẹ́tàlá ti padà wá. Ó ní mẹ́rìnlá ni. Ó ní ìyàwó òun ló bá òun tún un kà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kí ìyàwó.

Olùkọ́ kan ní òun ti fi àgbàdo kọ́ ìrísí nǹkan, òun gé káàdì ní àgbàdo onígun mẹ́ta àti àgbàdo onígun mẹ́rin. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ níbo lẹ ti rí àgbàdo onígun mẹ́rin? Òun gan-an ni mo ń sọ láti òkè. Onígun mẹ́ta pọ̀ ní ìgboro láìfi ọwọ́ kan àgbàdo, ẹ wo òrùlé.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè padà wá lónìí. Ó ní ọ̀gá òun ti gbà kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní àwọn bó àgbàdo, òun ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di irun kan ṣoṣo mú, kó tọ̀ ọ́ lọ títí tó fi dé ìdí rẹ̀, bí mo ṣe sọ fún un nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́ níbí fún gbogbo yín: irun kan, wóró kan. Eruku tó dà bí àtíkè lórí ìrùkẹ̀rẹ̀ òkè ni atẹ́gùn ń gbé bà lé orí irun, tó ń gba inú rẹ̀ lọ sọ wóró lóyún. Irun tí eruku ò bà lé, ibẹ̀ ṣófo. Ìdí tí àgbàdo fi ń ní èjí nìyẹn.

Ó ní lọ́jọ́ kejì, ọmọ bàbá ẹnu géètì yẹn dúró níwájú ìyá oníláńgbé, wọ́n nawọ́ èyí tó ní èjí sí i, ó kọ̀ ọ́, ó ní, "Ìyá, atẹ́gùn ò gbé e dé ibí." Ìyá náà ní ọmọ ta ni, bàbá rẹ̀ ní òun ni, ó sì fi èjí náà san owó tó dín. Olùkọ́ náà wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni kí òun ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ padà sí iṣẹ́ yín. Ẹ fi ike tí ẹ gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí sílẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ̀wà á gbé ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú ewé méjì, àgbàdo á fi wóró rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, á yọ ewé kan ṣoṣo bí ọ̀kọ̀. Ẹ máa wọn wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn. Tí eku bá jẹ ẹ́, ẹ sọ fún wọn pé eku ló jẹ ẹ́.